Àpótí Bébà Olójú Mẹ́fà àti Ọwọ́ Ọ̀tún Mi

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ẹ̀gbà ló mú yín, tí ẹ jókòó síbì kan tí ẹ ń wo ọwọ́ ara yín bí ẹni ń wo ọwọ́ àlejò, ẹ̀yin ni mo kọ èyí sí. Ìṣirò ni mo kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kí n tó fẹ̀yìn tì sí Ọ̀fà níbí. Mo pẹ́ kí n tó kọ ọ́, nítorí pé ọwọ́ ọ̀tún ni mo fẹ́ fi kọ ọ́. Òun náà ni mo sì fi ń kọ ọ́ yìí.

Ìyàwó mi, Ìyá Bùkọ́lá, kú ní oṣù mẹ́jọ ṣáájú kí àìsàn yìí tó dé. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló fi dùbúlẹ̀. Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé òun ló máa ń fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Láàárọ̀, bí a bá ti ka Bíbélì tán, yóò da hóró oògùn náà sí ìdérí fúláàsì, yóò gbé e fún mi pẹ̀lú omi, yóò sì dúró tì mí títí n ó fi gbé e mì. Ọdún mọ́kànlá la fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Nígbà tó lọ, páálí oògùn náà wà lórí fíríìjì níbi tó fi í sí. Mo ń rí i lójoojúmọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbé e fún mi, èmi náà kò sì mú un. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kú. Ó kàn rí bí ìgbà tí ènìyàn jókòó sídìí tábìlì, tí ẹni tó ń bu oúnjẹ kò sí nílé.

Ó kọ́kọ́ dé bí nǹkan kékeré. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo ń de bọ́tìnnì ẹ̀wù mi, ìka mi sì ń ṣì í. Mo rí bọ́tìnnì, mo rí ihò rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún mi ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ọwọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkọ. Mo ní mo sùn lé apá náà ni. Mo fi ìpara gbígbóná pa á, mo wọ ẹ̀wù tí kò ní bọ́tìnnì, mo padà lọ dùbúlẹ̀. Lọ́sàn-án, ife tíì bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo nu ilẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí a dìde láti kọrin, ìwé orin já bọ́. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bá mi mú un, ó sì fi ọwọ́ lé mi léjìká. Ó rò pé ọ̀fọ̀ ló ń dà mí láàmú. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ìbànújẹ́ kì í gba ife lọ́wọ́ ènìyàn. Bí ife bá bọ́ lọ́wọ́ yín láìnídìí, ẹ má ṣe dùbúlẹ̀. Ẹ pariwo.

Bùkọ́lá, ọmọ wa kan ṣoṣo, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, máa ń pè mí lórí fóònù ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

“Dádì, kí lẹ kó sẹ́nu?”

“Kò sí nǹkan.”

“Ẹ tún un sọ.”

Mo tún un sọ. Ó ní kí n jókòó síbi tí mo wà, kí n má dìde. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí Alhaja fi wọlé. Télọ̀ ni Alhaja. Ìsọ̀ rẹ̀ wà ní òdìkejì ilé wa, òun àti ìyàwó mi sì ti ń ṣọ̀rẹ́ bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

“Bàbá Bùkọ́lá, ẹ rẹ́rìn-ín fún mi.”

“Alhaja, kí ló fẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín?”

“Ẹ ṣáà rẹ́rìn-ín. Ọmọ yín ló ní kí n wò ó.”

Mo rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ lérí.

“Hàà! Ojú yín wà ní Ọ̀fà, ẹnu yín ti wọkọ̀ lọ sí Ìjàgbó!”

Kò tíì sọ ọ́ tán tó fi sáré jáde lọ pe ọlọ́kọ̀.

Ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé mi lọ, ìlà ni. A tò fún káàdì, a tò fún dókítà, a tò fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, Alhaja gbé orí mi lé èjìká rẹ̀, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wò wá pé ẹ̀gbọ́n òun ni mí. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ní kí wọ́n gbé mi lọ sí Ìlọrin, níbi tí ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí wà. Dókítà tó rí àwòrán náà sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ dì, ó sì dí ọ̀nà kan nínú ọpọlọ mi.

“Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, Bàbá?”

Bùkọ́lá dá a lóhùn pé láti àárọ̀ Sátidé. Dókítà náà wo aago rẹ̀, ó sì wò mí. Mo ti kọ́ ọmọ pẹ́ tó láti mọ ojú olùkọ́ tó rí i pé àkókò ìdánwò ti lọ tán: wákàtí tí wọ́n fi lè fún mi ní oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì ti kọjá.

Mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Ẹnu mi padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún kò mira. Ní ti owó, mi ò mọ iye tó lọ. Nígbà tí mo rí i pé bọ́ọ̀sì ni Bùkọ́lá ń wọ̀ wá kí mi ni mo mọ̀ pé ó ti ta ọkọ̀ rẹ̀. Mi ò bi í, òun náà kò sọ fún mi.

Ìgbà tí mo délé ni ọ̀rọ̀ ọwọ́ wá di ọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ẹni ọgọ́rin ọdún, ló kọ́kọ́ wá kí mi. Òun ló fi pankẹ́rẹ́ kọ́ mi ní kékeré pé a kì í fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ó gbé àpò ọsàn wá, ó nà án sí mi. Mo fi òsì gbé ọ̀tún mi sókè láti fi gbà á. Àpò náà bọ́, ọsàn sì yí káàkiri pálọ̀.

“Fi òsì gbà á, Jídé,” ni ó wí. “Kò burú.”

Ṣùgbọ́n ògiri ló ń wò nígbà tó ń sọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, kò na nǹkan sí mi mọ́. Bó bá mú nǹkan wá, yóò gbé e sórí tábìlì, yóò ní, “Ó wà níbẹ̀ yẹn.” Ó ń dáàbò bo ojú mi ni, mo mọ̀. Àmọ́ nígbàkígbà tó bá gbé nǹkan sórí tábìlì yẹn, ó dà bí ẹni pé wọ́n tún ń sọ àìsàn mi fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Níbẹ̀ ni mo ti pinnu lọ́kàn mi: mo fẹ́ ọwọ́ ọ̀tún mi padà.

Kò sí ẹni tí kò ní ìwòsàn tirẹ̀ lẹ́nu. Àwọn kan ní wọ́n ta á sí mi ni. Àwọn kan ní kí n gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún, èmi tí oògùn mi ń béèrè oúnjẹ. Ẹnì kan nínú ẹbí sọ ọ́ níwájú mi pé Ìyá Bùkọ́lá ló ń fà mí, pé a kò pínyà dáadáa. Mo mọ obìnrin tí mo fẹ́. Bó bá jẹ́ òun ló ń fà mí lóòótọ́, ìdí fíríìjì ni ì bá fà mí lọ, níbi tí oògùn wà.

Ẹ̀gbọ́n mi kò fẹnu lásán sọ tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí Bùkọ́lá wà níbi iṣẹ́ ní Ìlọrin, ó gbé mi sínú ọkọ̀ lọ sí Òjòkú, sọ́dọ̀ bàbá kan tí ìdílé rẹ̀ ti ń ṣe ọdẹ àti ìṣègùn láti ayébáyé. Bàbá náà mú ọwọ́ mi, ó tẹ gbogbo ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Kí ni wọ́n fún un nílé ìwòsàn?”

“Ó fi í sílé,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí, tayọ̀tayọ̀.

“Ẹ padà lọ mú un, kó máa lò ó.”

“Ẹ fún wa ní àgbo, Bàbá. Nítorí rẹ̀ la ṣe wá.”

“Mi ò fún ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní àgbo mọ́. Bàbá mi a máa fún wọn. Àwọn kan dìde, àwọn kan kò dìde, èmi ni mo sì ń bá a gbẹ́ ilẹ̀.” Ó yí sí mi. “Ọwọ́ yìí kò kú. Ó gbàgbé ni. Bí ọmọ bá gbàgbé ọ̀nà ilé, iṣẹ́ ilé la fi ń rán an létí. Ẹ wá iṣẹ́ fún un.”

Ó fún wa ní òrí tí n ó máa fi ra á, kò sì gbà ju ìyẹn lọ. Ẹ̀gbọ́n mi bínú títí a fi dé Ọ̀fà. “Gbogbo ọ̀nà yìí, nítorí òrí! Òrí wà lọ́jà Ọ̀wọ̀dé!”

Ohun tí bàbá Òjòkú sọ náà ni Àǹtí Rónkẹ́ sọ. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń kọ́ àwọn tí ara wọn rọ ní ìdárayá ni, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo sì ń lọ bá a. Bọ́ọ̀lù rọ́bà ló kọ́kọ́ ní kí n máa fún. Bọ́ọ̀lù náà sú mi.

“Dádì, kí lẹ fẹ́ràn láti máa fọwọ́ ṣe?”

“Kí n máa yanjú ìṣirò lójú pátákó.”

“Ìyẹn á pẹ́. Nǹkan kékeré ni mo ń wí. Ohun tó gba ìka.”

Àpò ìwé kan ló sọ sí mi lọ́kàn. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìyàwó mi, òun náà ló sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Bí ìkórè bá ń bọ̀, yóò gé kàlẹ́ńdà àtijọ́ sí ègé onígun mẹ́rin tó dọ́gba, yóò ṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan pọ̀ títí yóò fi ní ahọ́n méjì àti àpò méjì, yóò sì ti ahọ́n èyí bọ àpò èyí. Ègé mẹ́fà ló ń di àpótí kékeré kan olójú mẹ́fà. Kò sí gọ́ọ̀mù, kò sí okùn. Kó tó fi ègé kẹfà tì í, yóò ju hóró àgbàdo mẹ́ta sínú rẹ̀ kó lè máa dún. Níbi ìdálẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́ ló ti kọ́ ọ. Wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Japáànù ni. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: “Ojú mẹ́fà, igun mẹ́jọ, etí méjìlá. Kí ló tún kù níbẹ̀?” Yóò ní, “Ṣe ọ̀kan ká wò, Tísà.” Mi ò ṣe é rí.

Nínú àpò ìwé tó fi sílẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀, ègé márùn-ún ló ti ṣẹ́. Ẹ̀kẹfà, aláwọ̀ ojú ọ̀run, wà ní pẹlẹbẹ. Kò tíì fọwọ́ kàn án.

Mo sọ fún Alhaja pé n ó ṣe ẹ̀kẹfà yìí, ṣùgbọ́n mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, n kò sì ní lè tú èyíkéyìí nínú ti Ìyá Bùkọ́lá láti wò ó. Alhaja rékọjá sí ìsọ̀ rẹ̀, ó mú àpótí tirẹ̀ tí Ìyá Bùkọ́lá ṣe fún un, tó ti wà lórí máṣíìnì rẹ̀ láti ọdún mẹ́fà wá.

“Ẹ tú tèmi.”

“Alhaja, ẹ̀bùn ni.”

“Mo mọ̀ pé ẹ̀bùn ni. Ẹ fẹ́ kí ẹ̀bùn máa dún lórí máṣíìnì, tàbí kó wo ọwọ́ yín sàn? Ẹ tú u jàre, kí n tó yí ọkàn padà.”

Òun fúnra rẹ̀ ló tú ègé kan, ó sì tẹ́ ẹ síwájú mi. Gbogbo ìlà ìṣẹ́po wà níbẹ̀. Mo rí ibi tí èékánná ìyàwó mi gbà, tí àwọ̀ bébà ti ṣí funfun. Mo wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí ẹni ń ka ìwé.

Ẹ ṣẹ́ bébà sí méjì, kí ẹ tú u. Ẹ mú etí méjèèjì wá pàdé lórí ìlà àárín. Ẹ mú igun kan sọ̀ kalẹ̀, ẹ mú igun tó kọjú sí i gòkè, kí ẹ sì ti wọn bọ abẹ́. Ó rọrùn láti sọ. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó ṣe ọ̀kan. Ọwọ́ òsì ló ń ṣiṣẹ́. Ọ̀tún, mo kàn gbé e lé etí bébà bí òkúta kí atẹ́gùn má bàa gbé e lọ.

“Òkúta kọ́ o, Dádì,” ni Àǹtí Rónkẹ́ wí nígbà tó rí i. “Ọwọ́ ni. Ẹ sọ fún un kó tẹ̀ ẹ́.”

Mo ń sọ fún un. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, mo jókòó sídìí tábìlì, mo sì ń sọ fún àtàǹpàkò mi pé kó tẹ bébà. Lọ́jọ́ kan, bébà náà rọ̀ díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Mo rò pé atẹ́gùn ni. Mo ti fèrèsé, mo tún un ṣe. Àtàǹpàkò ni.

Ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi níbẹ̀, ó wo ilẹ̀ tó kún fún bébà tó ti wó.

“Ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Àwọn baba wa ń gbé ènìyàn ṣánlẹ̀. Ìwọ, bébà ń dá ọ.”

“Kò tíì fi ẹ̀yìn mi balẹ̀, Bọ̀dá.”

“Mo rí i. Ikùn lo fi balẹ̀.”

Ní oṣù karùn-ún, mo rí ègé mẹ́fà tó dáa, mo sì so wọ́n pọ̀. Àpótí náà wọ́, ó sì dọ̀tí níbi tí òrí kàn án, ṣùgbọ́n ó dúró. Alhaja pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ọlọ́kadà méjì fi dúró lójú títì wá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Mo wá mú bébà aláwọ̀ ojú ọ̀run jáde. Àmọ́ kí n tó ṣẹ́ ẹ, mo mú ọ̀kan nínú ègé tèmi láti fi wọn ti ìyàwó mi. Kò wọlé. Mo yí i síwá sẹ́yìn. Mo tì í títí etí ọ̀kan nínú tirẹ̀ fi fẹ́ ya, mo sì jáwọ́. Nígbà tí mo tẹ́ méjèèjì síwájú ara wọn ni mo rí i. Tirẹ̀ tẹ̀ sí ọ̀tún, tèmi tẹ̀ sí òsì. Igun tó wà níwájú ọwọ́ òsì mi ni mo ti ń mú ṣáájú láti ìbẹ̀rẹ̀, òun sì ń mú ti ọ̀tún. Tèmi wọ tèmi, tirẹ̀ wọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí bàtà ọ̀tún kò ṣe wọ ẹsẹ̀ òsì ni tèmi kò ṣe lè wọ tirẹ̀ láé. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ní ìṣirò, oṣù márùn-ún ni mo fi ṣe àṣìṣe kan náà.

Alhaja ní, “Ṣebí kí ẹ yí i padà? Ẹ fi òsì náà mú igun ọ̀tún.”

Òótọ́ ni. Mo lè ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí mo bá fi òsì ti àpótí náà, n ó gbé ọ̀tún sílẹ̀ títí ayé. N ó máa jẹun pẹ̀lú òsì, n ó máa fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú òsì, ẹ̀gbọ́n mi yóò sì máa gbé nǹkan sórí tábìlì fún mi títí ọ̀kan nínú wa yóò fi kú. Mo sọ fún Alhaja pé ọ̀tún ni yóò mú igun náà.

Kò yá. Mo kọ́kọ́ sọ̀rètí nù, mo sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pa á tì. Ọwọ́ náà wú, ó sì le. Àǹtí Rónkẹ́ bá mi wí bí ẹni ń bá ọmọ wí, mo sì gbà, nítorí pé mo jẹ̀bi. Ẹ má ṣe sinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bí tèmi. Ohun tí mo kó jọ ní oṣù méjì ló lọ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun lórí ìwé ìsìn àtijọ́, lórí kàlẹ́ńdà, lórí ìwé ìdánwò àwọn ọmọ tí wọ́n ti di bàbá báyìí. Mo di òsì mi mọ́ ẹ̀yìn àga. Àtàǹpàkò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, lẹ́yìn náà ìka ìlábẹ̀. Níkẹyìn, èékánná mi ya ìlà funfun kan sórí bébà, tó gún régé.

Kì í ṣe ọjọ́ pàtàkì kankan. Ọjọ́rú ni, oòrùn ti ga. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé, ó bá mi níbi tí mo ti tẹ́ bébà aláwọ̀ ojú ọ̀run sílẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fa àga, ó jókòó. Mo ṣẹ́ ẹ sí méjì. Mo mú etí méjèèjì pàdé. Mo mú igun ọ̀tún, ìka mi gbọ̀n, mo dúró, mo tún un mú. Nígbà tó parí, mo tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ti ìyàwó mi. Ó tẹ̀ sí ọ̀nà kan náà pẹ̀lú wọn. Mo so márùn-ún pọ̀, mo ju hóró àgbàdo mẹ́ta sínú rẹ̀, mo sì fi ẹ̀kẹfà tì í. Ahọ́n wọ àpò. Mo mì ín, ó dún.

Mo wá na ọwọ́ ọ̀tún mi sí ẹ̀gbọ́n mi, àpótí náà wà nínú rẹ̀.

Ó wò ó. Kò wo ògiri. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó mì ín létí, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀.

“Gbà á padà,” ni ó wí.

Mo fi ọ̀tún gbà á.

“Gbé e wá.”

Mo gbé e fún un.

“Gbà á padà, Jídé. Mo ṣì ń wò ó.”

A ṣe é títí apá fi ń ro mí. Nígbà tí Alhaja wọlé, ó bá àgbàlagbà méjì tí wọ́n ń gba àpótí bébà lọ́wọ́ ara wọn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí omijé sì wà lójú wọn. Ó ní, “Ẹ ti ya wèrè,” ó sì na ọwọ́ tirẹ̀ náà.

Ní báyìí, mo ń fi ọ̀pá rìn, mo sì ń dá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ń wọ́ díẹ̀ bó bá ti rẹ̀ mí. Ọwọ́ mi kò yá bíi ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́tà tí ẹ ń kà yìí gbà mí ní ọjọ́ mọ́kànlá. Mo ṣe àpótí tuntun fún Alhaja, ó wà lórí máṣíìnì rẹ̀. Nígbà ìkórè tó kọjá, gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ló gba ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àpótí àkọ́kọ́ tí mo ṣe, èyí tó tẹ̀ sí òsì, wà lórí fíríìjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí oògùn. Láàárọ̀, bí mo bá ti ka Bíbélì tán, mo máa ń da hóró oògùn sí ìdérí fúláàsì, mo máa ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbé e, mo sì máa ń dúró ti ara mi títí n ó fi gbé e mì.